Ẹni Tó Fẹ̀sùn Kan Ọmọ Kọ́ Ló Yẹ Kó Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà títí lẹ́tà á fi dé. Nígbà yẹn, ẹni tó ní ká lọ bẹ̀bẹ̀ á máa pariwo, ẹni tó ní ká lọ jà náà á máa pariwo.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ń wá ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn kiri họ́sítẹ̀lì. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọ́n rí ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọ́n rí ikin nínú àpò kékeré, ìdè sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó parí! Wọ́n kó o lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún un ní ìwé pé kó wá jẹ́jọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ohun tí ìwé náà sọ ni pé ó hu ìwà tí kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwà wo? Níbo? Lọ́jọ́ wo? Kò sí níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ọkùnrin tó ṣáájú àwọn tó tú yàrá rẹ̀ ló tún bá lórí àga láàárín àwọn tó fẹ́ dá ẹjọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé dé pé wọ́n ti lé e.

N kò ní ṣe bí ẹni pé kò yẹ kí àyà àwọn aláṣẹ já. Ní July 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ OAU n'Ífẹ̀ lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ta ló lọ́mọ ní yunifásítì tí kò ní fẹ́ kí wọ́n lé irú àwọn yẹn dànù? Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ọmọ tó ń bọ Ifá, ẹni tó fi ìbọn pamọ́ ṣì ń sùn ní yàrá kejì.

Ká má parọ́, ariwo pọ̀ nílé wa. Bàbá wa àgbà ní ká múra, ká lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá àgbà yunifásítì. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká kó èrò lọ sẹ́nu géètì. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Tí a bá lọ bẹ̀bẹ̀, a ti gbà pé ọmọ jẹ̀bi nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo la fẹ́ bẹ̀ fún?"

Bàbá ní, "Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń ṣe ni. Tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá síwájú yín, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá jókòó tì yín kó bá yín dá a?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: àwọn ló kọ́ mi lówe yẹn.

Àbúrò wa kan tó ń bọ Ọ̀ṣun, tó jẹ́ lọ́yà, ló wá là wá lójú. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ní 1983, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n dáná sun nǹkan, wọ́n ba dúkìá jẹ́. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wàhálà náà kàn. Wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn yẹn gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n jàre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ní 1986, wọ́n tún jàre. Ẹjọ́ Garba ni àwọn lọ́yà ń pè é. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ọ̀ràn dùn kò lè dá ọ̀ràn náà. Wọ́n ní ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nípa rẹ̀, kó sì ráyè bi í léèrè. Wọ́n tún ní bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ọ̀daràn, irú bíi dídáná sun ilé, ilé ẹjọ́ ló ni ín, kì í ṣe ìgbìmọ̀ yunifásítì. (Kò túmọ̀ sí pé yunifásítì kò lágbára láti bá ọmọ wí o. Ó ní in. Ẹ má sì torí máàkì ìdánwò sáré lọ sílé ẹjọ́, àwọn adájọ́ kì í fẹ́ dá sí ìyẹn.)

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà sọ ọ́. Abala 36 ló fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Èyí tó kàn wá jù ni abala 38. Ó fún wa lómìnira ẹ̀sìn, lẹ́yìn náà ló wá ní òun kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Ibẹ̀ làwọn kan máa ń kà dé, tí wọ́n á pa ìwé dé. Àmọ́ abala 318 ni òfin ti túmọ̀ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan. Ifá tí UNESCO kéde ní 2005 pé ó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé, ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí ẹgbẹ́ òkùnkùn ní họ́sítẹ̀lì ọmọ wa!

A kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ olùdarí yunifásítì náà kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa tó pé. A ò sọ pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ torí pé oníṣẹ̀ṣe ni. A ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fún un láyè tó tó láti múra, kí ọkùnrin yẹn sì kúrò lórí àga, kó wá jẹ́rìí bíi ẹlẹ́rìí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi dúró. Nígbà tí wọ́n tún jókòó, ọmọ náà dìde, ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàtọ̀ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ikin, kí lẹ tún rí lọ́wọ́ mi?" Ó ní kò sí. Wọ́n pe Bàbá wọlé, wọ́n ṣàlàyé ohun tí ikin jẹ́ àti ọjọ́ tí ọmọ náà tẹ Ifá. Alága alára béèrè ìbéèrè tó dáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Wọ́n fagi lé ìwé tí wọ́n fi lé e.

Ìdánwò odidi sáà kan ti kọjá lọ ní tirẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló máa ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọlé ni kẹ́ ẹ ti gba ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á. Bí lẹ́tà bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀, kí ìdáhùn yín náà sì jẹ́ nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.

Wọ́n ti dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ìdè padà. Ikin tó dé ọwọ́ wa jẹ́ mẹ́rìnlá, méjì ṣì kù lọ́wọ́ wọn. A ti kọ lẹ́tà mìíràn lọ.