Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré kọjá lọ́nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ dúró wo nǹkan!

Mọ́tò tó bá kó èrò l'Óṣogbo, tó gba Iléṣà, tó ń lọ sí Àkúrẹ́, kì í fẹ́ dúró. Bó bá ti kúrò n'Íléṣà báyìí, dẹ́rẹ́bà á tẹná mọ́ ọn, àwọn èrò kan á máa sùn, àwọn kan á máa jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú bọ́ọ̀lì, àwọn mìíràn á sì tẹjú mọ́ fóònù wọn. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti fi ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀, wọ́n ti wọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí wọ́n bá délé, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ọ̀nà ò dáa, ọlọ́pàá sì pọ̀ lójú títì. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun rí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀ o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí, omi kan ń já láti orí òkè bọ̀ nílẹ̀ ní ìpele méje. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan náà, kí èèyàn tó wọ Àkúrẹ́, ihò òkúta kan wà nínú igbó tí wọ́n ti hú egungun èèyàn tó ti lé ní ọdún 11,000 jáde. Ká ní ilẹ̀ òyìnbó ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà ni, wọn ì bá ti gbé pátákó ńlá kalẹ̀, wọn ì bá ti ṣètò ibi tí èèyàn lè pàgọ́ sí, tọkọtaya àtàwọn ọmọ ì bá sì máa fi ìsinmi ọdún lọ sùn síbẹ̀. Ti ilé ńkọ́? Eré ni wọ́n ń sá kọjá.

Bí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ kan l'Óṣogbo pé kó wá lọ pàgọ́ sórí òkè, kó sùn síta mọ́jú, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe yín?" Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọdẹ, wòlíì àti ẹni tí ilé rẹ̀ wó nìkan ló ń sùn síta. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn baba ńlá wọn pàgọ́ débi tí àgọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú. Nígbà Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, inú àgọ́ ni Ògèdèngbé àtàwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ wà lágbègbè Ìmẹ̀sí-Ilé, táwọn Ìbàdàn náà sì pa tiwọn sápá Ìgbájọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ fi ọdún 16 sùn nínú àgọ́, kí ló dé tí òru ọjọ́ kan péré á máa bà á lẹ́rù?

Ẹni tó bá fẹ́ rí omi tí à ń wí yìí, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ló máa yà sí. Olúmirin ni wọ́n ń pe omi náà. Ìtàn táwọn ará ìlú gbà ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, obìnrin tó tẹ ìlú náà dó, ló kọ́kọ́ rí i ní nǹkan bí ọdún 1140, nígbà tó ń wá ibi tó máa fìdí kalẹ̀ sí. Bó ṣe rí omi tó ń tú látòkè, tí ìkùukùu ń bò ó, ó ní olú mìíràn rèé, ìyẹn ni pé òrìṣà mìíràn ló wà níbí. Bí orúkọ náà ṣe jáde nìyẹn.

Ìpele kìíní ò le. Ọmọdé ń débẹ̀, àgbàlagbà náà ń débẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń ṣẹ́rí padà. Láti ìpele kejì lọ lọ̀rọ̀ ti ń di tẹsẹ̀tọwọ́. Èèyàn á di gbòǹgbò igi mú, á fi orúnkún rá, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú àlejò gòkè kì í yé pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ òkúta yẹn o, ó ń yọ̀! Mọ́mì, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín!" Ẹni tó bá wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga lọ, ọwọ́ ló máa fi gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí okun rẹ̀ bá gbé e, tó gùn ún dé òkè pátápátá, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ló máa yọ sí. Láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìwọ mọ́tò!

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ ni irú òkúta tí wọ́n jókòó lé. Òkè gbọọrọ tó lọ sápá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yẹn, yanrìn ni látilẹ̀wá. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta ní ooru inú ilẹ̀ ló sè é, tí ìwúwo ilẹ̀ sì fún un pọ̀, títí tó fi le koránkorán. Àwọn òkúta tó rọ̀ jù ú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti jẹ dànù, òun dúró gbọn-in. Ìdí tí omi fi rí ibi gíga já láti ibẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ orí òkúta náà lé ní mílíọ̀nù ọdún 500.

Nítorí pé ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ooru sì ti sè é jinná, ẹni tó bá ń wá egungun ẹja tàbí ìkarahun àtijọ́ nínú òkúta Ìjẹ̀ṣà máa wá a tì. Ìyẹn wà l'Éwékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun wà nínú òkúta, ti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì Ewékorò kọ́lé l'Óṣogbo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìkarahun òkun ló fi kọ́ ọ!

Ṣùgbọ́n bí inú òkúta ò bá ní egungun, abẹ́ òkúta lè ní. Ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ dé Ihò Eléérú.

Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sí apá Àkúrẹ́ tí ihò náà wà, èèyàn máa kọjá n'Íkejì-Arákejì. Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì lọ́dún 1928. Ìtàn ìjọ CAC ni pé ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibi tó ti ń tún un ṣe ló ti gbọ́ ohùn tó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó lọ wàásù. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2006. Bóyá èèyàn gba ìtàn náà gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ìgbà tí ẹ̀rọ dúró ni ọkùnrin yẹn gbọ́ nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan lójú ọ̀nà yìí, àfi kó ké sí dẹ́rẹ́bà pé "Ó wà o!", kó sì bọ́ sílẹ̀.

Inú igbó lápá Ìṣàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni ihò náà wà. Eérú ló bí orúkọ rẹ̀, ihò tó ní eérú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé òyìnbó, "Iwo Eleru" ni wọ́n kọ, bó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹlẹ́rú ló ni ín, tàbí alárù kan ló sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún orúkọ náà ṣe.

Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ débẹ̀, wọ́n sì ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lápá òkè, wọ́n rí àfọ́kù ìkòkò àti àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ dán. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀, kò sí ìkòkò mọ́, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ mímú tí àwọn ará àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń rí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bá òkú èèyàn kan.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe pẹ́ tó, ẹ wo àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo. Kò tíì pé ẹgbẹ̀rún ọdún kan tí wọ́n rọ wọ́n. Ẹni inú Ihò Eléérú ti lé ní ọdún 11,000, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011 tiẹ̀ ní ó lè tó 16,000. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó ń dáko nílẹ̀ yìí, irin ò sí, idẹ ò sí. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà, tí Katerina Harvati ṣáájú wọn, tí Caleb Fọlọ́runṣọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn, rí nǹkan tó yà wọ́n lẹ́nu. Agbárí náà gùn, kò sì ga lókè, kò jọ ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó súnmọ́ ti àwọn èèyàn tó gbáyé ní nǹkan bí ọdún 100,000 sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí oríṣiríṣi èèyàn ti gbé pọ̀, kí wọ́n sì ti fẹ́ra wọn nílẹ̀ Áfíríkà yìí, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Odùduwà.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe sí tiwọn. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, ilẹ̀ gíga kan wà tó gbẹ táútáú bí aṣálẹ̀, John Day ni wọ́n ń pè é. Egungun ẹṣin kéékèèké, ràkúnmí àti àgbáǹréré tó ti kú láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn wà nínú òkúta ibẹ̀. Láti ọdún 1975 ni ìjọba ti gbà á sábẹ́ ààbò. Àwọn èèyàn ń pàgọ́ sí àgbègbè náà, wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀, wọ́n ń wo egungun nínú ilé tí wọ́n kó o sí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti èyí tó kéré jù lọ bọ àpò. Òfin ń bẹ.

Àbí fàájì lásán lẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí? Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà ní góòlù. Wọ́n ti ń wà á láti ayé òyìnbó, ibùdó ìwakùsà ńlá ti Ṣẹ́gilọlá sì yọ góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 2021. Àwọn tó ń yọ́ wà á láìgbàṣẹ ló wá di ìṣòro. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á fọ erùpẹ̀ sínú odò, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n dà sómi l'Íjẹ̀ṣà, Òṣogbo ló ń ṣàn bọ̀. Ojú àwọn ará Òṣogbo ni omi Ọ̀ṣun fi di pọ́n-ún bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun lọ́dún 2022, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí àwọn abiyamọ ń bù lọ sílé láti ayébáyé!

Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sílẹ̀ pé ohun ìní gbogbo ayé ni. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó kú lọ́dún 2009, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣe é ló fi ọ̀pọ̀ ọdún gbèjà igbó náà. Ṣùgbọ́n ìwé UNESCO kò lè dá ẹrẹ̀ dúró lójú omi. Àwọn tó mọ iyì òkè àti odò ló gbọ́dọ̀ pọ̀ ju àwọn tó mọ iye góòlù lọ. Kò sì sẹ́ni tó máa jà fún ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, ṣùgbọ́n kó fọgbọ́n ṣe é. Bí òjò bá pọ̀, omi Olúmirin á lẹ́wà, àmọ́ òkúta á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á dínkù, ọ̀nà òkè á sì gbẹ, àfi kí èèyàn mú aṣọ òtútù dání nítorí ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré lásìkò yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá nìkan lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, kó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, kó sọ ohun tó bá wá, kó sùn síbi tí wọ́n bá fi hàn án. Bí wọ́n bá ní kò sáàyè lọ́jọ́ náà, kó gbà bẹ́ẹ̀, kó wá ilé ìtura n'Íléṣà.

Kó mú tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, gààrí, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Bó bá dáná, kó fi omi pa á kó tó kúrò. Ọ̀rá píọ́wọ́tà tó bá gbé gòkè, kó gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà kọ "Ṣọlá fẹ́ràn Bùkọ́lá" sára òkúta tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 500. Ìfẹ́ náà lè máà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì dé Ihò Eléérú, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà, kó má hú nǹkan kan, kó má mú nǹkan kan. Ibi tí òkúta kékeré wà nínú ilẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá mú un kúrò níbẹ̀ lọ sílé, òkúta lásán ló gbé délé.

Ẹni tó bá sùn sórí òkè Ìjẹ̀ṣà lóru ọjọ́ kan kò dá àṣà tuntun. Àwọn kan ti ń sùn nílẹ̀ yìí láti ọdún 11,000 ó lé, wọ́n mu nínú omi rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ó wá ku ti àwọn tòní.