Tòmátì lè jẹrà, ayọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a jẹrà

Ẹni tó bá tètè dé ọjà Mile 12 láàárọ̀, nígbà tí àwọn tírélà tó ru tòmátì àti ata bọ̀ láti òkè Ọya bá ń já ẹrù lọ́wọ́, yóò gbọ́ oríṣiríṣi ariwo. Alábàárù ń pariwo "ẹ yà lọ́nà o", awakọ̀ ń fọn fèrè, oníbàárà ń nájà. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo rẹ̀, yóò gbọ́ àtẹ́wọ́ pẹ̀lú. Àwọn ìyá kan ti kó ara wọn jọ níwájú ìsọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó tú ẹrù. Àlejò tó bá rí wọn yóò rò pé owó ńlá ló wọlé fún wọn lánàá. Họ́wù! Òmíràn nínú wọn kò tíì san owó ọkọ̀ tó fi gbé ẹrù ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òmíràn ń bẹ tí wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ wálé láti iléèwé nítorí owó.

Kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, nítorí ojú àwọn ará Kòsọ́fẹ́ ti rí nǹkan. Lóṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yàn gba odò Ògùn wá, ó wọ ilé onílé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, àwọn èèyàn sì sá fi ilé sílẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2016, ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12 àti Kétu. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, Gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé sì ní kí wọ́n ti ọjà pa. Ara ò tíì tu àwọn tó padà sọ́jà tí kòkòrò kan tún fi bo oko tòmátì lókè Ọya mọ́lẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2016 kan náà, kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ Kàdúná sọ pé agbọ̀n tòmátì tó jẹ́ 1,200 náírà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ti di 42,000 náírà. "Ebola tòmátì" ni àwọn èèyàn sọ kòkòrò náà.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹta, 2020, ìsémọ́lé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá tì pa, ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó ní kí èèyàn padà wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ 25, oṣù kejì, 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti òkè Ọya ní àwọn ò gbé ẹrù wá sí ìhà gúúsù mọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí kò tó 200 náírà lítà kan tẹ́lẹ̀ kọjá 480 náírà lítà kan l'Ékòó. Ẹni tó ń wọ dánfó láti Kétu lọ sọ́jà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ìyá kan wà tó ń ta tòmátì àti ata rodo lọ́jà náà. Ìkòsí ló ń gbé, bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ẹrù kò wá lọ́dún 2021, owó òwò rẹ̀ ni wọ́n ń mú jẹun nílé. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù padà ń wọlé, ó yá owó, ó ra agbọ̀n mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ooru ti mú ẹrù. Agbọ̀n mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti ń ṣomi. Ìyá yìí jókòó sórí àpótí, ó fi gèlè bojú, ó sunkún débi pé àwọn oníbàárà ń yà fún un. Àwọn kan ní kó má sunkún mọ́, pé kò sí nǹkan. Kò dá wọn lóhùn. Nǹkan wà.

Nígbà tó sunkún tán, ó nujú, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Èyí tó ṣì le, ó kó o sápá kan. Èyí tó ti rọ̀, tí àwọn aláta ń pè ní ẹ̀ṣà, ó kó o jọ fún gbànjo. Bó ṣe ń ṣà á ló dá orin sílẹ̀, orin ọpẹ́ sì ni. Ọmọbìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kò lè pa á mọ́ra.

"Màmá, ẹ má bínú o, ṣé kò sí? Ẹ̀ ń kọrin ọpẹ́ lórí ẹrù tó bàjẹ́?"

"Orí mi pé, ọmọ mi. Ṣé o rí mi nígbà tí mò ń sunkún?"

"Mo rí yín, Màmá."

"Ó dáa. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́, orin yìí náà kì í ṣe irọ́. Tòmátì ló jẹrà, Olúwa mi kò jẹrà. Bí mo bá jókòó ti ẹkún dìrọ̀lẹ́, agbọ̀n mẹ́rin tó kù yìí náà á bá mẹ́fà lọ."

"Ṣé orin á wá san gbèsè ni, Màmá?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Orin kì í san gbèsè, ọwọ́ ló ń san án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti kú, kí ni ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣà?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó bu ẹ̀ṣà kún abọ́ méjì, ó gbé e fún opó kan tí kò rí ẹrù kankan rà rárá, pé kó lọ fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbèsè kò fò lọ o. Ó lọ bá ẹni tó yá a lówó, ó kúnlẹ̀, wọ́n jọ fẹnu kò sí bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi san án tán.

Ohun tí ìyá yìí ṣe kì í ṣe tuntun nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni. Ẹni tó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 yóò rí i pé obìnrin ọlọ́jà ló wà nídìí ìjọ ìlú Fílípì. Lídíà lorúkọ rẹ̀, aṣọ elése àlùkò ló ń tà. Etí odò ló ti gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù, ó sì ní kí Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn wá wọ̀ sílé òun. Ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́gba, tí wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, tí àwọn méjèèjì sì ń kọrin lọ́gànjọ́. Ẹ̀yìn wọn kò tíì jinná nígbà tí wọ́n ń kọrin. Wọn ò dúró de ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà, inú ẹ̀wọ̀n mìíràn ni Pọ́ọ̀lù ti kọ lẹ́tà sí ìjọ Fílípì, lẹ́tà tó kún fún ọ̀rọ̀ ayọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀bùn tí wọ́n fi rán Epafíródítù sí i. Ó sọ pé Epafíródítù ṣàìsàn débi ikú, kò sì fi pa mọ́ pé bó bá kú, ìbànújẹ́ ì bá gorí ìbànújẹ́ fún òun. Ayọ̀ tí kò purọ́ nìyẹn. Ó mọ ibi tó ń dùn ún, ó sì mọ ẹni tó fi abọ́ oúnjẹ ránṣẹ́ sí i.

Nehemáyà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sunkún ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ní kí wọ́n má sunkún mọ́, kí wọ́n lọ jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní. Ẹ ò rí i pé ayọ̀ inú Bíbélì kì í sábà dá rìn? Abọ́ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn lúkúlúkú tó ń jà káàkiri ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Ó tàn dé àwọn ìlú mìíràn, ó pa èèyàn lọ bíi rẹ́rẹ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àdúrà kan wà láàárín àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's. Joseph Ṣàdáré wà lára àwọn aṣáájú wọn, Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ obìnrin tí àìsàn náà ti kọ lù fúnra rẹ̀, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Láti inú ìpàdé àwọn tí ẹ̀rù ń bà yẹn ni apá kan ìgbàgbọ́ Aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1925 ni Moses Orímọládé àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ l'Ékòó. Lóṣù keje ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dojú dé, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti fi ìgbà kan wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì, ṣe ìsọjí ńlá l'Óke-Ooyè, Iléṣà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ìgbà tí owó wọ́n lèèyàn rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlù, àtẹ́wọ́ àti ijó tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, àwọn tí ojú ń pọ́n ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù o. Àwọn kan ń fi ayọ̀ bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ìfúnpá ti ga, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọmọ ń gbóná, wọ́n ní ẹni tó bá gbé e lọ sí ọsibítù kò nígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù tó kọ lẹ́tà ayọ̀ yẹn, Lúùkù oníṣègùn ló ń bá a rìn. Àwọn mìíràn sì ń sọ pé Kristẹni tó bá ń yọ̀ kò gbọ́dọ̀ bínú sí ìyà. Ẹ lọ wo ìwé Nehemáyà orí karùn-ún. Kó tó di pé ó ní kí àwọn èèyàn máa yọ̀, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn olówó wí, àwọn tó ń gba èlé lọ́wọ́ àwọn tó fi oko àti ilé dúró nítorí ọkà. Ó ní kí wọ́n dá oko olóko padà. Nítorí náà, ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀ lè kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba lọ́jọ́ Ajé pé ta ló ń tú omi láìkìlọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, bí ẹkún bá wá, ẹ sun ún. Ẹ má fi jẹ́ kó sun mọ́jú lọ́dọ̀ yín. Ẹ dìde, ẹ ṣa èyí tó kù, ẹ bu díẹ̀ fún ẹni tí kò ní, kí ẹ sì dá orin. Ẹni tó bá ní òun ò ní í yọ̀ àfi tí gbèsè bá tán, ó ti fi ayọ̀ rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ olówó èlé. Ẹ lọ gbà á padà.