Orin Ọkọ́ tí A Gbé Lọ sí Àjàṣẹ́

Wọ́n ní kí a sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wa rí nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè kà á. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wá nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà, ọkùnrin mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwa tí a ṣì wà ní Kétu nínú wọn ni a jókòó pọ̀, tí a sì rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1988 ni, nígbà tí a lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje orin kíkọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo.

Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé ọdún náà. Owó kò sí. Àwọn báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fà sẹ́yìn. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa lórin wà lára àwọn tí kò rí owó gbà, síbẹ̀ ní ọjọ́rú àti ọjọ́ ẹtì, tí oòrùn bá ti rọ̀, a ó bá a lábẹ́ igi ọ̀sàn níwájú kíláàsì, tí ó ti ń dúró dè wá. Ọmọ Àgbómẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà Kétu kì í tètè gbàgbé ohun tí ogun Dàhòmì ṣe sí ìlú wa ní 1886, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ, ó sì ní etí fún orin.

Orin méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ, ọ̀kan ní èdè Faransé, ọ̀kan ní èdè ìlú rẹ̀. Ti Faransé kò yọ wá lẹ́nu. Èkejì ni ó di ọ̀ràn. Ní àkókò náà, ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe oko, nítorí náà olùkọ́ wa ní kí ẹnì kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa bá òun kọ ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ oko, pé kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ́ wọn. Ó wá mú ohùn orin Faransé kan, ó da ọ̀rọ̀ náà lé e lórí. Ó pín wa sí ohùn mẹ́ta, ó sì dùn bí oyin. Oṣù kan gbáko ni a fi kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ń ti oko bọ̀, ó dúró, ó sọ igi ìdáná rẹ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí a dákẹ́, ó kí olùkọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ ta ni ẹ ní kí àwọn ọmọ yìí gbé?”

“Ọkọ́ ni, Ìyá. Èyí tí a fi ń roko.”

“Háà! Ọkọ ni etí mi gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì dé ìsàlẹ̀, ó tún di ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ náà ni yóò wá gbé ọkọ ọ̀hún?”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ìyá náà sọ. Ohùn ọ̀rọ̀ wa ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ́ gbọ́dọ̀ gòkè ní ìparí. Bí orin bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó di ọkọ obìnrin. Bí ó bá fà á sísàlẹ̀, ó di mọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé Ọlọ́run. Láti ìgbà tí Kónsílì Vatikánì Kejì ti fọwọ́ sí i ní 1963 pé kí á túbọ̀ máa lo èdè ilẹ̀ wa nínú ìsìn, mélòó mélòó nínú orin òyìnbó ni a ti da Yorùbá lé lórí, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára kọrin nípa ọrùn nígbà tí ọ̀run wà lọ́kàn wa! Àwọn tí ń dá orin Ẹ̀fẹ̀ níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé kí ọmọ ìjọ lọ di elégún, ṣùgbọ́n UNESCO kò ṣàdédé ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun iyebíye ayé ní 2001. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń yé gbogbo ẹni tí ó dúró lójú agbo.

Olùkọ́ wa kò bínú. Èdè Fọ̀n náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ó yé e kí ìyá náà tó gbé igi rẹ̀. Ohun tí ó dùn ún ni pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ó sọ fún wa láìfi bò pé àwọn adájọ́ máa ń fún ohùn púpọ̀ ní àmì púpọ̀. Bí ohùn kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ́ jẹ́ ọkọ́ lẹ́nu gbogbo wa, a ó jọ gòkè, a ó jọ sọ̀ ni, àmì yóò sì lọ. Ó ní kí a yàn. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní ta ni nínú àwọn adájọ́ náà tí yóò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́? Ẹnì kan wá ní, “Àwa mọ̀ ọ́n.” Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn parí sí. A ní kí ìyá àgbà máa sọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ ní ẹyọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán, olùkọ́ ń fi fèrè tẹ̀ lé e, a sì ṣe orin tuntun, ẹnì kan yóò dá a, àwa yòókù yóò gbè é. Ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ni a fún ní agogo.

Bàbá ọmọbìnrin tí ń dá orin ní ọmọ òun kò ní lọ sùn ní ìlú onílùú. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́, katikísì bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ìyá àgbà tí ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ ni ó lọ bá a pé òun yóò bá wọn lọ, ẹsẹ̀ kan náà ni òun àti ọmọ náà yóò máa gbé. Báyìí ni ó ṣe wá. Àwọn òbí kó àgbàdo àti gàrí jọ, a tà á, ó di owó ọkọ̀.

Báṣé kan tí wọ́n fi tápólì bò lẹ́yìn ni ó gbé wa. Ọ̀nà Kétu sí Pọbẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà nígbà náà. Nígbà tí a fi kọjá Sakété, orí wa ti pupa bí ẹni kun osùn. Ní Àjàṣẹ́ a rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn ọmọ Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì dé kọ́, ọ̀kan nínú wa sì fi àmì àgbélébùú kan ara rẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí bí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó rí. Ìjọ tiwa ni àwa mọ̀ sí Àgùdà. A kò mọ̀ pé Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí ó padà dé.

Ilé-ẹ̀kọ́ méje ni ó wá. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa dìde kọ orin orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bóyá ẹ kò mọ̀ pé àlùfáà ìjọ wa kan, Gilbert Dagnon, ni ó kọ orin náà, èyí tí a mú lò nígbà òmìnira ní 1960. Ìjọba Rẹfolúsíọ̀n yí orúkọ ìlú padà kúrò ní Dàhòmì ní 1975, ṣùgbọ́n orin àlùfáà ni wọ́n ṣì ń kọ.

Nígbà tí ó kàn wá, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin wa dá orin, a gbè é. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a gbọ́ ègbè láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn obìnrin tí ń ta àkàrà dúró sí. Wọn kò gbọ́ orin náà rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé wọn, nítorí náà ohùn rẹ̀ kò ṣòro fún wọn láti mọ̀. Àwọn adájọ́ yíjú padà wò wọ́n.

Ipò karùn-ún ni a gbà. Adájọ́ kan sọ pé ohùn wa dára, ṣùgbọ́n orin ohùn kan ṣoṣo kò tó fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó gba ipò kìíní gba bọ́ọ̀lù àti ìwé. Àwa gba ìwé nìkan. Àwọn kan nínú wa sunkún, ẹ má jẹ́ kí a tàn yín. Ìyá àgbà ra àkàrà fún wa, ó ní kí ẹni tí yóò sunkún kọ́kọ́ jẹun.

Nígbà tí a ń bọ̀ ní alẹ́, awakọ̀ gbé àwọn obìnrin ọlọ́jà mẹ́rin kún wa. Ìyá àgbà sọ ohun tí a lọ ṣe fún wọn, wọ́n ní kí a kọ ọ́ kí àwọn gbọ́. Kí a tó dé Pọbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń dá a, tí àwa ń gbè é. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n wọn, a sì ń gbọ́ ohùn wọn nínú òkùnkùn títí awakọ̀ fi tún gbéra. Olùkọ́ wa kò gbọ́ ọ. Ó ti sùn lọ, ó gbé orí lé àpò gàrí tí a jẹ kù.