Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Dákẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi akéwì yìí ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́nnẹ́, tí mò ń fi èdè C kọ prógíráàmù. Mo fẹ́ kó bá mi ka iye ẹ, ọ àti ṣ tó wà nínú ewì kan, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Kí GCC tó túmọ̀ iṣẹ́ ẹni, ó gbọ́dọ̀ wá àwọn header tí a dárúkọ fún un, irú bíi stdio.h. Bí a bá fi àmì "..." yí orúkọ ká, fódà tí iṣẹ́ wa wà ló máa kọ́kọ́ tú. Bí ẹni ń wá èèyàn ní Ṣágámù ni: ará Òfin á kọ́kọ́ wá a káàkiri Òfin, kó tó forí lé Mákun. Bó bá jẹ́ <...>, kò ní wo ilé rárá. Àwọn fódà tí a fi -I júwe ló ń wò, lẹ́yìn náà ti -isystem, kó tó kan àwọn fódà àjogúnbá bíi /usr/local/include àti /usr/include.

Àwọn àjogúnbá yìí àti ti -isystem ló kà sí àgbà. Bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá tiẹ̀ mú ìfura dání, kì í kìlọ̀, àfi tí a bá fi -Wsystem-headers bẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ńlá nìkan ni kì í bò.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n àgbọ́njù. Ìkìlọ̀ ti sú mi jàre! Mo kó header mi sínú fódà kan, mo fi -isystem sọ ọ́ di àgbà. Gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo gbé ewì sí i, ó ní: 0. Ewì Yorùbá tí kò ní ẹ kan ṣoṣo? Ó ti o!

Alábàágbé mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yọ -isystem, ó fi -I àti -Wextra dípò. Kíá ni ìkìlọ̀ yọjú: mò ń wá char tó ju 127 lọ, char orí ẹ̀rọ wa kò sì lè ju 127 láéláé. Báìtì 3 ni ẹ kan nínú fáìlì mi, gbogbo wọn ló ju 127 lọ, ṣùgbọ́n char ń kà wọ́n sí iye tó kéré sí òdo.

Ó wò mí, ó ní, "Akéwì, o sọ ọmọ àná di bàbá. Ta ló fẹ́ bá a wí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe ewì mi: ẹni tó máa yìn mí nìkan ni mò ń kà á fún. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo máa gbé ewì kan wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́.