Iṣẹ́ Jákujàku: Ẹ Má Fi Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ bá àwọn ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni mí, èmi kì í ṣe ọ̀tá oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí káfíńtà bá kan ìlẹ̀kùn tí kò ṣeé tì, tàbí tí púlọ́ńbà ṣe ẹ̀rọ omi tó tún ń jò, ohun tá a máa ń sọ ni pé, "Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ẹ gbọ́ ná, ṣé Ọlọ́run ló gbowó lọ́wọ́ wa ni?

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, mo gbé iṣẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù mi fún káfíńtà kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo sanwó pé, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi ya bo aṣọ ẹbí tí mo ti gé sílẹ̀. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta ló bàjẹ́. Èmi ni mo ra òmíràn dípò.

Mo pè é. Ó ní, "Ìyá mi, òjò yẹn ló pọ̀ jù." Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé torí oòrùn nìkan la ṣe ń kan páànù ni?" Kò fèsì. Kò sì wá.

Mi ò pariwo. Mo ya fọ́tò ibi tó ń jò. Mo pe káfíńtà àgbà kan wá wò ó, òun ló fi hàn mí pé inú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, ni wọ́n kan ìṣó sí, dípò orí ibi tó ga. Mo gbé ìwé àti fọ́tò lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ wọn. Baba náà wò ó, ó ní, "Irú èyí ló ń ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá padà wá tún un kàn láìgba kọ́bọ̀. Owó aṣọ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ló fi san án, ojú rẹ̀ le bí òkúta, àmọ́ ó san án.

Kì í ṣe àánú ni mo tọrọ o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé iṣẹ́ tá a bá gbé fúnni gbọ́dọ̀ parí lákòókò, kó sì dára bó ṣe yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá owó tó bá àléébù náà mu padà. Ó mú èmi náà: bí mo bá fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ yín, ọrùn mi ló wà.

Ẹ má sáré pe ọlọ́pàá. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá oníṣẹ́ náà sọ ọ́, ẹ dá ọjọ́ fún un, kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, níbí ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba máa ń parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2018 ni kóòtù kéékèèké sì ti wà fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ ṣáà rí i pé ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ ojú ewé kan látinú ìwé ọmọ iléèwé.

Ẹ̀yin ọ̀gá, oníbàárà tó pè yín padà kì í ṣe ọ̀tá yín. Èyí tó dákẹ́, tó wá ń ròyìn yín kiri ọjà, òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Mushin, Èkó.