Kí A Tó Sọ Pé Ilẹ̀ Mọ́

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwá ọta olóró tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, fọ́tò àtijọ́ ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Spring Valley ni a ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò àwọn olówó ní Washington. Láti 1917 sí 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń dán gáàsì olóró wò ní ọgbà American University àti lórí ilẹ̀ tó yí i ká. Ogun parí, wọ́n da ìyókù sí kòtò, wọ́n bò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó yá, ilé kún orí rẹ̀. Oṣù Kìíní 1993 ni àwọn lébìrà tó ń gbẹ́lẹ̀ hú ọta ìbọn àgbá jáde.

Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà ní 1918: sójà kan dúró létí ihò pẹ̀lú àwọn ìgò ńláńlá. Sájẹ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Maurer kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé kò sí ibi tí wọ́n ń bẹ̀rù tó ibẹ̀, pé gáàsì mustard ló kún inú ìgò. Ọ̀gá mi ní, “Fi sójà sílẹ̀. Wo bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.” Òótọ́ ni, ìyẹn la fi ń wá ibi tí ihò náà wà: igi lè kú, ọ̀nà lè yí, ṣùgbọ́n òkè kì í tètè kúrò níbi tó wà.

Lẹ́yìn fọ́tò ni ẹ̀rọ tó ń wá irin, lẹ́yìn ìyẹn ni a óò tó fọwọ́ wú yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọta bá jáde, a kì í ṣí i. Wọ́n á yà á ní X-ray, wọ́n á fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tún un yà. Bí ohun inú rẹ̀ bá ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹmu nínú kèǹgbè, olómi ni, ó sì lè jẹ́ májèlé.

Májèlé tó ń jẹ́ arsenic ló ń dùn mí jù. Inú gáàsì lewisite tí wọ́n dán wò níbẹ̀ ló ti wá. Gáàsì á bà jẹ́, arsenic ò ní kúrò nínú ilẹ̀ táwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbin irú ewéko fern kan sáwọn àgbàlá kan kó lè máa fà á jáde.

Ní 1995, àwọn ológun kéde pé iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ náà ti parí. Kò parí rárá. Kòtò mìíràn yọ, ní 2012 wọ́n wó odindi ilé kan ní Glenbrook Road kí wọ́n lè gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n kọ ọ́ pé “kò sí nǹkan níbí.” Ibi tí a gbẹ́ dé ni mo ń kọ, bó ṣe jìn tó, àti gbogbo ibi tí ọwọ́ wa kò tíì dé.