Òdòdó tí Ó Kọ Eérú

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Igi òdòdó kan tí à ń pè ní azalea, tí mo bá pàdé ní Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ kí òwe yìí yé mi yékéyéké.

Igi kúkúrú ni. Oríṣi tí mò ń wí yìí kì í wọ́wé tán, bí yìnyín tilẹ̀ bò ó. Bí ó bá di oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, òdòdó pupa, funfun àti aláwọ̀ àlùkò a bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí ewé mọ́. Ní Glenn Dale, ní Maryland níbẹ̀, ni Benjamin Morrison ti mú oríṣi rẹ̀ tí ó ju 400 lọ jáde, kí wọn lè fara da òtútù agbègbè náà.

Mẹ́fà ni ọkọ ìyá onílé mi gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó tó kú. Nígbà tí mo débẹ̀, ewé wọn ti pọ́n bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ni ó ṣì dúdú. Eérú ni ìyá ń dà sí ìdí wọn lọ́dọọdún, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí ẹ̀fọ́. Ó wá fẹ́ hú wọn dànù. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọdún kan.” Ó wò mí títí, ó ní, “Bí wọ́n bá kú sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó gbìn wọ́n kò sí mọ́.”

Ilẹ̀ kíkan ni azalea ń fẹ́, tí pH rẹ̀ wà láàárín 4.5 àti 6. Eérú àti sìmẹ́ǹtì ara ògiri a máa pa ìkan ilẹ̀. Nígbà náà gbòǹgbò kò ní lè fa irin inú ilẹ̀ mọ́, ewé a sì pọ́n. Mo kó wọn kúrò lẹ́bàá ògiri. Gbòǹgbò wọn wẹ́ bí irun, kò sì jìn. Nítorí náà n kò rì wọ́n mọ́lẹ̀ jù, n kò sì fi ọkọ́ ro ìdí wọn. Èèpo igi páìnì ni mo fi bò ó. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ ni à á gé ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí òtútù ń bọ̀, òdòdó ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń gé, nítorí ó ti rudi.

Ọ̀kan kú. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, márùn-ún yọ òdòdó. Ìyá kò sọ̀rọ̀; ó gbé àga jáde, ó jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìfẹ́ ni ìyá fi ń da eérú. Kí a tó ṣe ẹnikẹ́ni lóore, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ara rẹ̀ gbà.